Àmì Búlúù Etí Báàtì

Ẹni tó bá fẹ́ kí Adéjọkẹ́ bínú, kó sọ níwájú rẹ̀ pé bákan náà ni gbogbo fóòmù. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń yẹ fóòmù wò ní ilé-iṣẹ́ ìbùsùn kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ẹni tó bá sì gbẹ́nu lé irú ọ̀rọ̀ yẹn yóò gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wákàtí kan gbáko kó tó rí ọ̀nà lọ. Ìyá Kúwálítì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Treasure ni.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti gé fóòmù tán, Adéjọkẹ́ á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ àti àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tún tẹ àárín rẹ̀, á wá máa ka iye tó gbà á kó tó padà sí bó ṣe wà. Èyí tó bá yege, á fi mákà búlúù ya òbíríkítí kékeré sí etí rẹ̀, á kọ A sínú rẹ̀. Ohun tó bá ti gba àmì yẹn ti di ohun tó ń jáde ní géètì. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ẹni tó bá sàmì sí fóòmù kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra tirẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fún un. Lọ́dún tí Treasure wọ yunifásítì, èyí tó wu Adéjọkẹ́ jù lọ fún ọmọ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sàmì sí i kó tó rántí. Ó dúró, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń jù ú sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Báwo wá ni irú obìnrin báyìí ṣe dẹni tó ń gbá píkùbọ́ọ̀lù? Ẹ ṣáà fara balẹ̀. Eré yìí fẹ́ jọ tẹ́níìsì, àmọ́ pápá rẹ̀ kéré, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n lu níhò káàkiri, báàtì tí wọ́n fi ń gbá a sì fẹ̀ ju ti tẹ́níìsì orí tábìlì lọ. Kóòṣì Ògúndèjì, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi ọ̀dà funfun ya pápá méjì sórí kọnkéré tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ọ̀tà. Adéjọkẹ́ lọ wòran lásán ni lọ́jọ́ kan, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n na báàtì sí i. Àtìgbà náà ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ Sátidé ti di tirẹ̀. Ìyàwó ni nílé, ìyá ni lórí fóònù, òṣìṣẹ́ ni láti aago méje, ṣùgbọ́n nídìí nẹ́ẹ̀tì yẹn, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tí iyọ̀ wà. Ó fẹ́ràn eré náà débi pé ojú ń tì í láti sọ ọ́.

Ọdún yìí ni ìgúnpá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́wàá, nǹkan á ta á níbẹ̀ bí ẹní fi abẹ́rẹ́ gún un. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣan ni. Ó ní bí kò bá rọlẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kó yáa gbé báàtì jù sílẹ̀ pátápátá, torí ọwọ́ tó fi ń jẹun ni. Adéjọkẹ́ mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ àti eré, kò tún lọ bi ẹnikẹ́ni. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó padà sídìí fóòmù.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Ìmísíolúwa, tó ti máa ń bá wọn gbá a kó tó kó lọ sí Kánádà, fi báàtì kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má pè é ní báàtì lásán o! Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń họni lọ́wọ́ díẹ̀ bíi sánpépà. Ike oníhò-oníhò bí afárá oyin ló wà nínú báàtì tiwọn, ṣùgbọ́n fóòmù ni wọ́n kì sínú eléyìí látòkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ẹni tó ń gbá gbogbo ojú pápá ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó lè nà án láti ẹ̀yìn, tó sì tún lè rọra sọ ọ́ sílẹ̀ nítòsí nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún kọ ọ́ pé kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Adéjọkẹ́ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Báàtì ẹyọ kan, èèyàn mẹ́rìndínlógún! Kóòṣì Ògúndèjì wo ojú wọn, ó rí i pé ìjà ń bọ̀.

“Ìyá Treasure ló mọ fóòmù láàárín wa,” ló wí. “Ẹ gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń yẹ tibi iṣẹ́ yín wò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ojú kan, irú ẹni tó yẹ kó máa lò ó. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ la máa ṣe.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Amos. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Amos, ó ń wa ọkọ̀ ìgbẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ ìgò, òun nìkan ló sì lè gbá gbogbo ojú pápá bí páálí ṣe wí. Ó ń lọ díje ní Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀. Báàtì tirẹ̀ ti là, téèpù dúdú ló fi dè é. Amos ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bí ìwé náà bá sọ pé ti agbá-gbogbo-pápá ni, Amos ló ni ín. Bó bá sọ pé ti ẹni tó ń fi ọwọ́ rírọ̀ dúró ti nẹ́ẹ̀tì ni, tí ọwọ́ sì ń dùn, ta tún ni onítọ̀hún bí kò ṣe ẹni tó ń kọ ìwé? Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́ níbẹ̀. Hàlímọ̀tù nìkan, tí òun àti Adéjọkẹ́ jọ máa ń gbá a ní méjì-méjì, ló fi ìgúnpá gún un.

“Ẹ̀yin ni lọ́yà, ẹ̀yin náà ni adájọ́,” ló wí. “Ẹ kú oríire o.”

“Alájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́.”

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kò fọwọ́ kan báàtì náà rárá. Ó gbé e sórí àpótí aṣọ, ó jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Nígbà tí Hàlímọ̀tù gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti mílò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé báàtì náà rìnrìn àjò ni, àbí ó ń gbààwẹ̀? Adéjọkẹ́ ní kò sí fóòmù tí òun ń dá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ tó dé. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná, kó mọ irú ooru tó wà nílùú yìí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sétí, ó fi eegun ìka kan án láti àárín lọ sí etí. Ògbólógbòó báàtì tirẹ̀ ń dún kóo láàárín, bó bá fi máa dé etí, ó ti di kẹ̀. Tuntun yìí ń dún bákan náà káàkiri, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó kún. Adéjọkẹ́ mi orí. Ẹni tó ki fóòmù síbẹ̀ kò yan ẹ̀gbẹ́ kankan jẹ.

Lẹ́yìn náà ló tẹ́ báàtì náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé òkúta lé ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa yẹ̀, ó wá ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ga mọ, sí ojúkò mẹ́sàn-án lójú báàtì. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá fò dé, á fi ṣọ́ọ̀kì fà á sára ilẹ̀kùn. Bàbá Treasure, tó ń ka bébà, yọjú lókè bébà.

“Ìyá Treasure, ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni, ẹ máa kà á lọ.”

Ògbólógbòó fò dáadáa láàárín, ó sì kú fin-ín ní etí. Tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ojúkò kan sí ìkejì, ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tò sójú kan bí ẹní fi rúlà fà á. Ó pa á lẹ́rìn-ín tayọ̀tayọ̀. Ohun tó wù ú ṣe gan-an ni kó gbé e lọ síbi iṣẹ́, kó fi ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fi ń gé fóòmù là á sí méjì, kó rí inú rẹ̀ kedere. Bó ṣe ń fọ abọ́, ohun tó ń rò nìyẹn. Ká ní kì í ṣe tẹgbẹ́ ni, ó ti là á!

Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Hàlímọ̀tù, wọ́n gbé e sórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn mílíìkì. Wọ́n gbé ògbólógbòó sí i, kò tó o. Hàlímọ̀tù mú síbí, ó ń bu ṣúgà sórí ògbólógbòó díẹ̀díẹ̀ títí tí nọ́ńbà fi dọ́gba. Síbí ìpotíì méjì ni.

“Ẹni tí ọwọ́ ń dùn lẹ wá gbé ṣúgà lé,” Hàlímọ̀tù wí.

Adéjọkẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú un wọ pápá. Láti ẹ̀yìn, báàtì náà kò ṣe ojo, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́ọ̀ lọ́ọ̀, ó sì ń bọ́ síbi tó fẹ́. Níwájú, lágbègbè tó sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń gbá a ń pè ní kíṣíìnì, bọ́ọ̀lù ń ta jù díẹ̀ lójú rẹ̀, àfi nígbà tó gbá a dọ́jọ́ kẹta kọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ó gbé e fún Amos náà kó gbá ogún bọ́ọ̀lù. Amos nà án láti ẹ̀yìn, ó sáré wọlé, ó gbé e sọ sínú kíṣíìnì bí ẹní gbé ọmọ sùn. Ó wo báàtì náà pẹ́ kó tó dá a padà. “Ẹ ṣé, mà,” ló sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà! Adéjọkẹ́ gbá eré méjì gbáko, ìgúnpá kò fọhùn. Ó tún gbá a ní Sátidé, kò fọhùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń lọ sílé lórí ọ̀kadà, ó ń kọrin ìyìn láìmọ̀ títí ọlọ́kadà fi bá a gbè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti kọ ìwé náà tán: báàtì ẹni tí ọwọ́ ń dùn ni, kí Amos máa fi téèpù rẹ̀ ṣe é lọ.

Ìwà rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi. Níbi iṣẹ́, kì í yẹ fóòmù tuntun wò láìgbé èyí tó ti mọ̀ tì í, kó fi ọwọ́ kan náà tẹ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohùn, ó ti ṣe é fún fífò, ó ti ṣe é fún ìwúwo. Kò tíì ṣe é fún ìgúnpá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí Hàlímọ̀tù wá bá òun ní pápá. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè.

“Ẹ máa gbá àádọ́ta sí mi, kẹ́ ẹ máa kà á.”

Ó fi tuntun gbá àádọ́ta, ìgúnpá dákẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Ó mú ògbólógbòó. Nígbà tí Hàlímọ̀tù ka méjìlá, abẹ́rẹ́ yẹn ta á, ó pariwo “Yéè!”, ó ju báàtì sílẹ̀. Inú rẹ̀ wá dùn dé ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò níbi tó wà, obìnrin tí ìgúnpá ń dùn.

“Fóòmù ni, Alájà! Fóòmù náà ni!”

Hàlímọ̀tù bẹ̀rẹ̀ mú ògbólógbòó nílẹ̀ láti gbé e fún un. Ó dúró, ó yí báàtì náà sí oòrùn.

“Kí ló ń dán níbí yìí?”

Lójú báàtì náà, díẹ̀ lókè ibi tí wọ́n ń dì mú, ojú kan ti dán gbinrin, kò họni lọ́wọ́ mọ́. Kò ju ojú ìka kan lọ. Adéjọkẹ́ gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé e, ó wọ̀ ọ́ géérégé. Ọdún mẹ́ta ló ti ń tẹ ibẹ̀.

“Àṣé fóòmù lẹ ń yẹ̀ wò látọjọ́ tá a ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù!” Hàlímọ̀tù bú sẹ́rìn-ín.

Adéjọkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mú tuntun, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀, ó yí ọwọ́ báàtì náà ká, ó dì í mú jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹyin rán níṣẹ́. Bó ṣe ń dì í mú látọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, torí pé tẹgbẹ́ ni, kò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

“Ẹ tún gbá àádọ́ta,” ló wí. Ó mú ògbólógbòó, ó dì í mú bó ṣe di tuntun mú. Hàlímọ̀tù kà á dé àádọ́ta. Ibi tó ti ta á tẹ́lẹ̀ ń ro ó díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá mú tuntun, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀ bó ṣe ń tẹ ògbólógbòó. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló ta á.

Àwọn méjèèjì jókòó sórí kọnkéré. Inú Adéjọkẹ́ dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ìgúnpá lè san nígbà náà! Ṣùgbọ́n kì í ṣe báàtì Kánádà ni yóò wò ó.

Hàlímọ̀tù gbọn eruku aṣọ rẹ̀. “Èmi ò rí nǹkan kan o, Ìyá Treasure. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wù yín. Ọmọdé ni Amos, báàtì á ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì padà sí ògbólógbòó yín, ṣé àtàǹpàkò yẹn á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?”

“Mi ò mọ̀,” Adéjọkẹ́ dáhùn. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù sì ń bà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tẹ fóòmù ogóje níbi iṣẹ́. Ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, tó ń jáde. Nígbà tó délé, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé, bíró àti ife tíì kan. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé báàtì náà ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù, ó sì yẹ ẹni tí ọwọ́ ń dùn. Irọ́ kọ́ ni o. Fóòmù náà ń dín in kù lóòótọ́, díẹ̀. Bó bá fi mọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó purọ́, báàtì á di tirẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé á ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó wo ìwé náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó fà á ya, ó mú òmíràn.

Ní àárọ̀ Sátidé, gbogbo ẹgbẹ́ pé. Kóòṣì wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè:

“Báàtì yìí dára. Ojú rẹ̀ ń gbá bákan náà láti àárín dé etí. Ó lágbára láti ẹ̀yìn, ó sì ń gbọ́ràn níwájú bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ó fi síbí ṣúgà méjì wúwo ju tèmi lọ. Ó ń dín gbígbọ̀n kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo ìgúnpá. Ìgúnpá mi rọlẹ̀ nítorí mo rọra dì í mú. Mo ti dán an wò pẹ̀lú báàtì méjèèjì, Alájà Hàlímọ̀tù ló bá mi kà á. Ẹni tó ń gbá gbogbo ojú pápá ni kí ẹ gbé e fún. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí yóò ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, torí ó máa ń rẹ fóòmù. Kí ó gbé e padà wá nígbà náà kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kóòṣì bọ́ awò ojú. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti ìparí oṣù lẹ́nu Hàlímọ̀tù, ojú rẹ̀ sì fi hàn. “Mà, ẹ lè tún un rò. Ẹ̀yin lẹ ṣe wàhálà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú.”

Adéjọkẹ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú mákà búlúù jáde, ó gbé báàtì náà lé orúnkún, ó ya òbíríkítí kékeré sí etí rẹ̀, ó kọ A sínú rẹ̀.

“Háà,” Hàlímọ̀tù wí jẹ́jẹ́. Ìgbà mẹ́ta ló ti ra ìbùsùn ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ó mọ òfin wọn. “Wọ́n ti sàmì sí i.”

“Kí nìyẹn, mà?” Amos béèrè.

“Ó ti lè jáde ní géètì nìyẹn,” Adéjọkẹ́ dáhùn. “Gbà.”

Amos fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Adéjọkẹ́ ní kó dìde jàre, kó wá síbi nẹ́ẹ̀tì, ó ti tó àsìkò eré.

Amos àti Kóòṣì wà lápá kan, òun àti Hàlímọ̀tù wà lápá kejì. Ògbólógbòó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kẹrin dé, Amos nà án láti ẹ̀yìn pátápátá, báàtì fóòmù náà dún lóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní àyà Adéjọkẹ́ tààrà. Kò dì í mú le. Ó kàn gbé ojú báàtì pàdé rẹ̀, bọ́ọ̀lù kú síbẹ̀, ó rá kọjá nẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sínú kíṣíìnì. Amos sáré títí, kò bá a.

“Ìyá Kúwálítì!” Hàlímọ̀tù ń pariwo, ó ń fi hìjáàbù rẹ̀ nu ojú. “Ìgúnpá ńkọ́?”

“Kò tíì sọ nǹkan kan.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ti tún gun orí ibi tó ń dán lọ, òun kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀.